Ẹnì Kan Ń Bọ́ Sílẹ̀ ní Àbẹ̀kẹ́

[Fóònù ń dún. Ó dún títí kí wọ́n tó gbé e.]

KÀSÚMÙ: Hẹ́lò. Ṣọ́ọ̀bù Kàsúmù, onípáàtì mọ́tò, oríta Ìjerò, Àrámọ̀kọ.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, Comfort ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ó ní nọ́ńbà yín ni ká máa fi wá òun.

KÀSÚMÙ: Comfort? Èwo ni Comfort?

AYỌ̀BỌ́LÁ: Tíṣà ni. Ìyàwó Bánjọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ọ́fíìsì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù yín.

KÀSÚMÙ: Áà, Ìyá Àbẹ̀kẹ́ lẹ̀ ń sọ. Ẹ ò bá ti wí bẹ́ẹ̀ látàárọ̀. Ẹ dì í mú.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Ìyá ta ni?

KÀSÚMÙ: [ó ń pariwo síta] Ìyá Àbẹ̀kẹ́ o, fóònù yín rè é. Níbo lẹ ti ń pè, mà?

AYỌ̀BỌ́LÁ: Àkúrẹ́.

KÀSÚMÙ: Àkúrẹ́ ni o. Ó jọ pé iṣẹ́ ìjọba ti dé. Ẹ rọra o, Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ẹ má fa wáyà yẹn. Kò lágbára. Lánàá náà ló já.

[Ìró bàtà. Ọmọ kékeré kan ń sunkún.]

COMFORT: Hẹ́lò, ẹ káàárọ̀, sà. Iléeṣẹ́ olùdámọ̀ràn ni, consultants. Kí la lè bá yín—

AYỌ̀BỌ́LÁ: Èmi ni.

COMFORT: Adúmáadán. Ọkọ mi. Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé dáadáa lẹ jí? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́?

AYỌ̀BỌ́LÁ: A dúpẹ́. Ọmọ ta ló ń sunkún yẹn?

COMFORT: Tèmi ni, mà. Eyín ló ń hù. Ẹ̀yìn mi ló wà. Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, ó ti tó.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Bánjọ ńkọ́?

COMFORT: Ó ti lọ sí Èfọ̀n, níbi iṣẹ́. Èmi gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá wa ní school lónìí, torí àwọn obìnrin kan láti Ìkòrò—

AYỌ̀BỌ́LÁ: Fóònù ọ̀gá mi ni mo fi ń pè. Ó ti lọ sí ìpàdé, ó sì lè wọlé bá mi nígbàkigbà. Nítorí náà mi ò ní pẹ́.

COMFORT: Ẹ̀n, mà.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Ọkùnrin tó gbé fóònù yẹn. Kí ló pè ẹ́?

COMFORT: Hẹ́lò? Ohùn yín ń lọ, ó ń bọ̀.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Kò lọ síbì kankan. Kí ló pè ẹ́? Ṣé o gbọ́ mi?

COMFORT: Mo gbọ́ yín. Ẹ má dá Alhájì lóhùn. Báyìí ni wọ́n ń ṣe ní oríta níbí. Orúkọ tí wọ́n bá rí lára ṣọ́ọ̀bù èèyàn náà ni wọ́n ó fi máa pè é. Obìnrin tó wà lódìkejì yìí kọ Blessing Store sára tiẹ̀, Ìyá Blessing ni gbogbo ayé ń pè é, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin nìkan ló bí.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Ó dáa. Ìwọ náà lo wá bí màmá mi.

COMFORT: Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́—

AYỌ̀BỌ́LÁ: Mò ń bi ẹ́ ni. Ìyàwó tí a gbé wálé, òun ló wá di ìyá ìyá ọkọ rẹ̀?

COMFORT: Ọ̀rọ̀ ẹnu Alhájì nìyẹn. Ará Ọ̀yọ́ ni. Kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó rò pé ọmọ tó wà lẹ́yìn mi yìí ni.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Ìwọ ńkọ́? Ìwọ náà ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

COMFORT: Mo mọ̀ ọ́n, mà.

AYỌ̀BỌ́LÁ: O mọ̀ ọ́n. O mọ̀ ọ́n, o sì kọ ọ́ sára pákó, o rì í mọ́ ẹ̀bá títì.

COMFORT: Sáìnbọ́ọ̀dù ni, mà.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Mo mọ ohun tó ń jẹ́ signboard, Comfort. Ministry ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ṣé o mọ bí mo ṣe gbọ́?

COMFORT: Rárá.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Jacob ló wọ mọ́tò láti Ìjerò lọ́jọ́ ọjà tó kọjá. Ó jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ ẹ̀. Kọ́ńdọ́ kan yọrí síta, ẹ̀pà wà lẹ́nu ẹ̀, ó wá ń ké pé ẹnì kan ń bọ́ sílẹ̀ ní— mi ò lè fi ẹnu mi pè é. Ṣé o gbọ́ mi?

COMFORT: Mò ń gbọ́.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Jacob rò pé ẹlòmíì ni wọ́n ń pè. Ó wo ìta lójú fèrèsé, ó rí i. Pupa. Gàdàgbà. Orúkọ ìyá tó bí i lọ́mọ. Dírẹ́bà wá dáhùn pé òun ò dúró níbẹ̀ mọ́, pé ibẹ̀ ti dọ̀tí jù.

COMFORT: Ẹrẹ̀ ni. Òjò ló rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Orúkọ màmá mi ló pè, Comfort. Ó pè é tán, ó ní ó dọ̀tí. Gbogbo mọ́tò sì rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi jókòó sáàárín wọn.

COMFORT: Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa sọ ọ́ di orúkọ bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù. Kí n má purọ́ fún yín, mi ò rò ó débẹ̀. Bọ́ọ̀dù yẹn ò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

AYỌ̀BỌ́LÁ: O ò rò ó. Ìwọ tí ò ń gba gbogbo ayé nímọ̀ràn.

COMFORT: Ẹ bú mi, mà. Ẹ̀tọ́ yín ni.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Mi ò tíì bú ẹ. Iṣẹ́ kí lẹ tiẹ̀ ń ṣe níbẹ̀? Mo bi Bánjọ, ó ní ẹ máa ń jókòó, ẹ máa ń sọ̀rọ̀. Ìyẹn náà ni consultants?

COMFORT: Àwọn tó bá fẹ́ dá òwò sílẹ̀ ló ń wá. Àwọn tí òwò wọn ò sì lọ dáadáa. Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ìlọgbáàgúdá, mo máa ń bá wọn wá ẹni tó ń tà á, mo máa ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa pín iṣẹ́ láàárín ara wọn tí wọn ò fi ní jà. Mi ò jí i kọ́ níbì kankan. Ẹ̀yìnkùlé yín ni mo ti kọ́ ọ.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Ẹ̀yìnkùlé wa.

COMFORT: Ní Òkè-Ìmẹ̀sí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọlé yín, àárọ̀ kan ò lè lọ kí obìnrin kan má wá kúnlẹ̀ bá Màmá pé òun fẹ́ ṣòwò. Màmá á wo ojú ẹ̀. Á ní, ìwọ tí o kì í tètè jí, àkàrà kọ́ ni tìẹ, lọ ta aṣọ. Á ní, ìwọ, o fẹ́ràn ariwo, ọjà Èfọ̀n ni kó o lọ, má dúró sí ìsàlẹ̀ ibí. Bó ṣe wí náà ló máa ń rí. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tí kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Ó ní òun ò mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Èmi wá sọ ọ́ di iṣẹ́.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Ẹ ṣeun. Ṣé torí ẹ̀ la ṣe máa sọ ọ́ di ibùdókọ̀?

COMFORT: Mo fi yẹ́ ẹ sí ni.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Kí ló ṣe orúkọ tìẹ? Comfort Consultants. Ó dùn lẹ́nu. Òyìnbó ni. Kò sẹ́ni tó máa bá ẹ jà.

COMFORT: Orúkọ yẹn gan-an ni mo fẹ́ lò tẹ́lẹ̀.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Ta ló wá yí i padà?

[Ìró mọ́tò tó ń kọjá. Ọmọ ti dákẹ́.]

AYỌ̀BỌ́LÁ: Comfort? Ṣé o gbọ́ mi?

COMFORT: Mo gbọ́ yín.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Mo ní ta ló yí i padà?

COMFORT: Mi ò lè sọ.

AYỌ̀BỌ́LÁ: O ò lè sọ. O lè kọ ọ́, o ò lè sọ. Ṣé o mọ ipò tí màmá mi wà báyìí?

COMFORT: Kí ló ṣe Màmá?

AYỌ̀BỌ́LÁ: Jacob délé, ó ròyìn fún un. Màmá ní kí Jacob tún un sọ, bí kọ́ńdọ́ yẹn ṣe wí i gan-an. Jacob ò lè fi ẹnu ẹ̀ pè é, ó fò ó. Màmá ní kó má fò ó. Jacob ò lè ṣe é. Màmá bá dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Kò jẹun títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìwọ lo fà á.

COMFORT: Màmá ní kó tún un sọ?

AYỌ̀BỌ́LÁ: Torí ó ń dùn ún. Ṣé ìyẹn náà fẹ́ olùdámọ̀ràn?

COMFORT: Ọkọ mi, ẹ jẹ́ kí n lọ rí Màmá fúnra mi. Tí mo bá ti ṣe tàwọn ará Ìkòrò tán lónìí, màá wọ mọ́tò lọ sí Òkè-Ìmẹ̀sí. Màá kúnlẹ̀.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Kò sídìí ẹ̀. Jacob ti ń bọ̀.

COMFORT: Ó ń bọ̀ níbo?

AYỌ̀BỌ́LÁ: Lọ́dọ̀ ẹ. Àárọ̀ yìí ló kúrò nílé. Ó kó ṣọ́bìrì àti dígà dání, ó sì mú ọkùnrin kan láti Ìdó-Ilé pẹ̀lú ẹ̀. Èmi ni mo rán an. Bọ́ọ̀dù yẹn ò ní sun ibẹ̀ mọ́jú ọ̀la.

COMFORT: Lónìí kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ lónìí.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Kí ló wà lónìí?

COMFORT: Àwọn onígàrí Ìkòrò ti dé. Gbogbo ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n wà lórí bẹ́ńṣì níwájú ọ́fíìsì mi, àwọn ìyá àgbà pọ̀ nínú wọn. Àwọn ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tó máa gbéṣẹ́ fún mi. Tí tiwọn bá yọrí, ti Ìdó-Ilé á wá, ti Èfọ̀n náà á wá. Ẹ wò ó, ta ló máa gbàmọ̀ràn lọ́wọ́ obìnrin tí àwọn ará ilé ọkọ ẹ̀ wú bọ́ọ̀dù rẹ̀ níṣojú gbogbo ọjà? Òní nìkan ni mo bẹ̀ yín sí. Tó bá parí báyìí, ó parí nìyẹn.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Kó parí.

COMFORT: Kí lẹ wí?

AYỌ̀BỌ́LÁ: Mo ní kó parí. Iṣẹ́ tíṣà kì í ṣe iṣẹ́ burúkú. Ohun tí mo sọ fún Bánjọ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Obìnrin tó ní ọmọ lẹ́yìn, kí ló ń wá kiri oríta? Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ní Ìkòrò yín? Bóyá ẹ̀yin máa ń pe ìyá ọkọ yín lórúkọ níbẹ̀. Ní ulé tiwa, a kì í ṣe é.

COMFORT: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mẹ́nu ba Ìkòrò.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Mo ti mẹ́nu bà á.

COMFORT: Àwọn òbí tó bí mi mọ ohun tí wọ́n kọ́ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yín, ẹ dárúkọ ọmọ kékeré kan tí wọ́n bí síbẹ̀ kí n tó dé, tí mo pè lórúkọ rí. Àbúrò yín tó ń bọ̀ yìí, tó wà ní school nígbà yẹn, Akọ̀wé ni mò ń pè é. Ẹ̀yin, Adúmáadán—

AYỌ̀BỌ́LÁ: Má pè mí ní Adúmáadán mọ́.

[Ìró mọ́tò kan tó dúró. Ilẹ̀kùn mọ́tò. Ohùn ọkùnrin méjì.]

COMFORT: Wọ́n ti dé.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Ó dáa bẹ́ẹ̀.

COMFORT: Akọ̀wé! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbọ́ fóònù. Ẹ̀gbọ́n yín ló wà lórí ẹ̀. Kò wo ibi tí mo wà. Ó kàn ń tú ẹrù sílẹ̀.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Mo ní kó má dá ẹ lóhùn.

[Ìró dígà nínú ilẹ̀. Ohùn àwọn obìnrin ń lọ sókè.]

COMFORT: Ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti ń gbẹ́ ìdí igi. Àwọn obìnrin Ìkòrò ti dìde lórí bẹ́ńṣì. Adú— Auntie, ẹ jọ̀ọ́. Mo kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù onípáàtì báyìí. Alhájì ń wò mí.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Dìde. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ. Pè é.

COMFORT: Kí ni kí n pè?

AYỌ̀BỌ́LÁ: Ohun tó wà lára bọ́ọ̀dù. Látàárọ̀ ni mo ti ń gbọ́, o ò pè é. O ní sáìnbọ́ọ̀dù, o ní iléeṣẹ́, o ní orúkọ yẹn. Tó bá dáa, fi ẹnu ẹ pè é kí n gbọ́.

COMFORT: Mi ò lè pè é.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Pè é.

COMFORT: Màmá ni. Mi ò ní pè é.

AYỌ̀BỌ́LÁ: O ti mọ̀ pé kò dáa nìyẹn. Alárìífín ni ẹ́. Pè é, ìwọ tí wọn ò kọ́ nílé. Ṣé o gbọ́ mi? Mo ní—

COMFORT: Ayọ̀bọ́lá.

[Dígà ń dún.]

AYỌ̀BỌ́LÁ: I beg your pardon?

COMFORT: Ayọ̀bọ́lá. Orúkọ yín ni mo pè. Èmi Comfort, ìyàwó àbúrò yín. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí létí yín? Báyìí ni mo ṣe máa pe èèyàn tí mo bá fẹ́ rí fín. Mi ò pè é rí títí dòní, ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ti Màmá, ẹ lè wú bọ́ọ̀dù, ẹ lè wú ọ́fíìsì, mi ò ní fi ẹnu mi pè é láé. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí tó ṣe ní kí n kọ ọ́ nìyẹn.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Ta ló ní kí o kọ ọ́?

COMFORT: Ó ti bọ́ lẹ́nu mi.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Comfort. Ta ló ní kí o kọ kí ni?

COMFORT: Màmá ni. Ó ní kí n má sọ fún yín. Mo ti rò pé kí bọ́ọ̀dù yẹn wó dípò kí n sọ ọ́, ẹ̀yin lẹ fà á yọ lẹ́nu mi.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Irọ́ lò ń pa.

COMFORT: Ẹ̀wà la jọ ń ṣà, èmi àti òun, lẹ́yìn ìsìnkú Ìyá Ìdó-Ilé. Mo ní, Màmá, orúkọ wo ni kí n sọ iṣẹ́ tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ. Nígbà tó yá ló wá ní, ṣé mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè pe òun lórúkọ tí ìyá òun fi ń kẹ́ òun mọ́ láyé yìí. Ó ní Ìyá Ìdó-Ilé ẹ̀gbọ́n òun ló kù, a sì ti sin ín. Ó ní ẹ̀yin ọmọ, Màmá lẹ̀ ń pe òun. Ìyàwó, Màmá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá. Ní ọjà, Ìyá Ayọ̀. Ó ní tó bá di pé òun nìkan ló mọ orúkọ yẹn, ó ti dà bíi pé òun ò jẹ́ ẹ rí.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Màmá sọ bẹ́ẹ̀.

COMFORT: Mo ní, Màmá, èmi ò lè pè yín bẹ́ẹ̀ o. Ó ní, ta ló ní kí o pè mí? Ẹnu rẹ kọ́. Kọ ọ́ síbi tí àwọn tí ò mọ̀ mí á ti máa pè é.

[Dígà dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀.]

AYỌ̀BỌ́LÁ: Irọ́ ni. Kí ló dé tí kò sọ ọ́ fún wa? Àwa ọmọ ẹ̀?

COMFORT: Ojú ń tì í. Ó ní ẹ máa rò pé orí òun ti ń dà rú.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Ìwọ ló wá rí bá sọ. Èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí, kò bá mi sọ ọ́. Ìwọ ará Ìkòrò ló bá sọ ọ́.

COMFORT: Bóyá torí pé mo máa ń jókòó tì í ni.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Kí nìyẹn túmọ̀ sí?

COMFORT: Ẹ máa ń dé, ẹ máa ń gbé búrẹ́dì kalẹ̀, ẹ máa ń ní mọ́tò Àkúrẹ́ ń dúró dè yín. Mi ò rí ọjọ́ tí ẹ bá a ṣa ẹ̀wà rí.

AYỌ̀BỌ́LÁ: O ti gbójú o.

COMFORT: Mo ti pe orúkọ yín ná. Kí ló tún kù?

[Ohùn ń hán lórí fóònù.]

AYỌ̀BỌ́LÁ: Ṣé o gbọ́ mi?

COMFORT: Mo wà níbí.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Lọ́jọ́ ìsìnkú yẹn, èmi ni mo di Màmá mú lẹ́bàá sàréè. Ó ń sọ pé, ó tán, ó tán, kò sẹ́ni tó máa pè mí mọ́. Mo ní, Màmá, a ó máa pè yín, a ó máa wá yín wò. Ó wò mí. Ó kàn wò mí ni.

COMFORT: Mi ò sí nítòsí nígbà yẹn. Ìdí ìkòkò ni mo wà.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Mo rò pé ìbẹ̀wò ló ń sọ.

COMFORT: Auntie, igi bọ́ọ̀dù ti ń mì.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Pe Jacob wá. Sọ fún un pé èmi ni mo ní kó wá.

COMFORT: Akọ̀wé! Ẹ̀gbọ́n yín ní kí ẹ wá o! Kò gbọ́. Ẹ̀yin lẹ ní kó má dá mi lóhùn. Alhájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pè é.

KÀSÚMÙ: [lókèèrè] Ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin. Ìyá Àbẹ̀kẹ́, wáyà yẹn o.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Ẹ sọ fún un pé—

[Fèrè mọ́tò. Mọ́tò èrò kan ń dúró.]

KỌ́ŃDỌ́: [lókèèrè] Ẹnì kan ń bọ́ sílẹ̀ ní Àbẹ̀kẹ́! Àbẹ̀kẹ́ o! Àbẹ̀kẹ́!

OHÙN OBÌNRIN: [lókèèrè] Hoo.

[Ẹ̀rín àwọn èrò.]

AYỌ̀BỌ́LÁ: Ta ló dáhùn yẹn?

COMFORT: Jésù.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Comfort, ta ló dáhùn?

COMFORT: Màmá ni. Màmá ló ń bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò. Òun nìkan ló wá. Ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Ohùn Màmá kọ́ nìyẹn.

COMFORT: Òun ni.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Mo mọ ohùn ìyá mi. Ohùn ọmọdébìnrin nìyẹn.

COMFORT: Òun ni, Auntie. Ẹ ò gbọ́ ọ rí níbi tó ti ń dá ẹni tó jù ú lọ lóhùn.

[Dígà ti dákẹ́. Ohùn àwọn èèyàn níta.]

AYỌ̀BỌ́LÁ: Kí ló ń ṣẹlẹ̀? Má dákẹ́. Kí ló ń ṣẹlẹ̀?

COMFORT: Akọ̀wé ti ju dígà sílẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Màmá ò wò ó. Ó ti di igi bọ́ọ̀dù mú, ó ń fi ẹsẹ̀ ti yẹ̀pẹ̀ padà sínú kòtò. Ó ń bá Akọ̀wé sọ̀rọ̀.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Kí ló ń wí?

COMFORT: Ó ní ta ló rán an. Ó ní ṣé òun fi ẹjọ́ sùn wọ́n ni. Inú ń bí i gan-an. Ó ní gbogbo òru lòun fi ń rò bí òun ṣe máa débí wá gbọ́ ọ fúnra òun, torí pé òun bí ọmọ tí ò lè tún ọ̀rọ̀ kọ́ńdọ́ sọ. Ó ní kí wọ́n ri igi náà dáadáa, kó má baà wó lu èèyàn.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Sọ fún un pé èmi ni mo wà lórí fóònù.

COMFORT: Màmá! Ọkọ mi ti Àkúrẹ́ wà lórí fóònù! Ó ní ẹ dúró ná. Ó ní ọwọ́ òun dí.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Ọwọ́ ẹ̀ dí.

COMFORT: Kọ́ńdọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀ báyìí.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Kí ni kọ́ńdọ́ sọ?

COMFORT: Ó ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní, Màmá, ẹ má bínú, ẹ̀yin kọ́ ni mo pè, orúkọ bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù ni.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Màmá wá ní kí ni?

COMFORT: Ó ní, èmi lo pè.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Ẹ̀n?

COMFORT: Ó ní, èmi lo pè. Tún mi pè.

[Ẹnì kan ń fọn imú ní Àkúrẹ́.]

AYỌ̀BỌ́LÁ: Mi ò tíì dárí orúkọ mi jì ẹ́ o. Ìyẹn, a máa yanjú ẹ̀ nílé.

COMFORT: Mo ti mọ̀, mà.

AYỌ̀BỌ́LÁ: O pè é lẹ́ẹ̀mejì. Mo kà á.

COMFORT: Màá kúnlẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Ṣé fóònù yẹn lè dé ojú fèrèsé?

COMFORT: Wáyà ẹ̀ ò gùn, Auntie.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Nà án síta. Ọ̀gá mi ti ń bọ̀, mò ń gbọ́ ìró bàtà ẹ̀. Nà án síta kí n gbọ́ bó ṣe ń dáhùn. Ẹ̀ẹ̀kan péré.

KÀSÚMÙ: [lókèèrè] Ìyá Àbẹ̀kẹ́, mo ti kìlọ̀ fún yín lórí wáyà yẹn o.

COMFORT: Ó kù díẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Kọ́ńdọ́ ti fẹ́ pè é.

AYỌ̀BỌ́LÁ: Nà án sí i. Comfort. Ṣé o gbọ́ mi? Mo ní kí o nà án sí—

[Fóònù já.]